Ẹgbẹ́ Tí Wọ́n Tú Ká ní Yokohama

Gorton, Manchester
Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ pé Ayọ̀mikún ti dòyìnbó, kò kọ̀wé láti oṣù márùn-ún tó ti lọ. Mi ò dòyìnbó. Dádì ló ní kí n máa fi fóònù kí yín, mo sì pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kàn ń sọ pé "ta ni? ta ni ń sọ̀rọ̀?" títí mo fi pa á. Etí yín ò gbé ohùn mi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta mo sunkún, mi ò sì pè mọ́. Torí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Màmá Theresa tó wà ní sọ́ọ̀sì wa ní Cheetham Hill ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa mú un wá bá yín ní Abẹ́òkúta. Mi ò lẹ àpòòwé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá ń báni gbé lẹ́tà, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú, kó má baà rò pé a fura sí òun.

Ilé wa wà ní Gorton. Gbogbo ilé àdúgbò yìí ló fẹ̀yìn ti ara wọn, tí aládùúgbò bá wúkọ́ ẹ máa gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i. Wọ́n fún mi ní yàrá témi nìkan. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń yọ yín lẹ́nu pé mo fẹ́ yàrá témi. Ní báyìí tí mo ti ní i, mo máa ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn, kò kàn sí ènìyàn ni. Dádì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, bí mo bá ti ń wọlé láti ilé ẹ̀kọ́ ló ń jáde lọ wọ búsì. Aunty Fúnmi, ìyàwó rẹ̀, ń tọ́jú àwọn arúgbó, òun náà kì í sábà sí nílé. Kò ṣe mí ní ibi kankan. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bó bá burú, ǹ bá ní ẹjọ́ tí mo lè rò.

Jayden ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó gbọ́ ò ju "jókòó" àti "jẹun" lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí i tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó bi mí pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi mí sáàárín àwọn tó kéré sí mi torí ìwé tí mi ò kà tó. Tíṣà wa kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sórí ìwé wẹ́wẹ́, ó kó wọn sínú fìlà, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan kó lọ wá ìtàn rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí mú City, ó ń fò sókè. Èmi mú Yokohama Flügels, ní Japan. Mo ní mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Tíṣà ní kò burú, pé ẹgbẹ́ náà ò sí mọ́.

Bàbá, mo fẹ́ padà sílé. Dádì kàn dé lọ́jọ́ kan ni, ó kó ẹrù mi. Kò bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i kó dá mi padà. Ta ló ń pọnmi fún yín báyìí? Ta ló ń dì yín mú wọ balùwẹ̀? Ẹ má fi àdúrà dá mi lóhùn o. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́.

Ọmọ yín,
Ayọ̀mikún


Abẹ́òkúta
20 Oṣù Kẹwàá, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì tún fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ara mi le, ọpẹ́ ni. Orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣe àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Mọ́láyọ̀, ń wá wò mí láti Ṣàgámù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń jẹ gàba lé mi lórí bí ẹni pé òun ló bí mi.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò. Obìnrin tó ń fún ọ lóúnjẹ, tí kò sì ṣe ọ́ ní ibi, o ní ó ń bí ọ nínú. Ìyá rẹ kú nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì, èmi ni mo tọ́ ọ, nítorí náà bí o bá hùwà àìmoore níbẹ̀, èmi ni wọn yóò bú. Kí Fúnmi fún mi. Kí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kẹta.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí o mú nínú fìlà yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ló dé tí kò fi sí mọ́? O ò mọ̀ pé èmi náà ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn rí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń tẹ̀lé wọn, èmi ni mo ń kọ orúkọ ẹni tó wọ mọ́tò àti ẹni tí kò wá. Nígbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé, ó ní bọ́ọ̀lù kò ṣe òun láǹfààní. Ó parí. Nítorí náà, kọ gbogbo ìtàn àwọn ará Japan yẹn sí mi. Má fo ohunkóhun, kí o sì kọ iye góòlù.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́, èyí tí o ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní ti ohun tí o béèrè, jẹ́ kí n rò ó ná.

Èmi ni,
Bàbá rẹ àgbà,
Julius


Gorton
Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o, ẹ kú òtútù, àbí ọyẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Níbí, aago mẹ́rin ni ojú ọ̀run ti ń dúdú. Màmá Theresa ń bọ̀ wá ṣe Kérésì nílé, òun náà ló tún gbé èyí.

Mi ò ní fọ́tò tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo wá a nínú fóònù mi, kò sí. Mo ti kí Aunty Fúnmi. Mo kọ́ Jayden ní "ẹ káàárọ̀", ó wá ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà títí kan alẹ́.

Ìtàn tí ẹ béèrè rèé. Ọdún 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò kan ní ìlú Yokohama. Ìgbà tó yá ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan gbà wọ́n. Nígbà tí líìgì ńlá ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ ní 1993, wọ́n wà lára ẹgbẹ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Flügels yẹn, ìyẹ́ apá ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Jámánì. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba ife tí wọ́n ń fi orúkọ Ọba wọn pè. Ẹgbẹ́ mìíràn wà ní ìlú kan náà tó ń jẹ́ Marinos, àwọn ni wọ́n jọ máa ń figagbága, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹgbẹ́ méjì bá wà nílùú kan.

Ní oṣù Kẹwàá 1998, wọ́n kéde pé ọ̀kan nínú àwọn tó ni Flügels ti jáwọ́, pé wọ́n máa pa wọ́n pọ̀ mọ́ Marinos. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí àwọn tó ń tẹ̀lé wọn tó gbọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kó ìfọwọ́sí ènìyàn jọ, kò yí nǹkan padà. Bàbá, ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé, mo kà á, mo tún un kà: láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde yẹn, ẹgbẹ́ yẹn ò pàdánù eré kankan mọ́. Kódà ọ̀kan ṣoṣo o. Wọ́n ń borí lọ, wọ́n ń borí lọ, títí wọ́n fi dé àṣekágbá ife Ọba, ọjọ́ kìíní ọdún 1999. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pàdé ló kọ́kọ́ jẹ góòlù kan. Flügels dá a padà, wọ́n tún jẹ òmíràn. Méjì sí ẹyọ kan. Wọ́n gba ife. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí ẹgbẹ́.

Ohun tó kù lára wọn ò ju lẹ́tà F kan lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orúkọ Marinos. Yokohama F. Marinos. Wọ́n ní kí àwọn alátìlẹ́yìn wá máa yọ̀ sí ìyẹn. Bí F yẹn ni mo ṣe rí nínú ilé yìí. Wọ́n fi mí síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò fi mí sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀. Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, Yokohama FC, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Oṣù yìí gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gòkè sí líìgì àkọ́kọ́. Tíṣà ní àwọn alátìlẹ́yìn United kan ṣe bẹ́ẹ̀ níbí náà ní 2005, wọ́n bínú jáde, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Torí náà ẹ rí i, ènìyàn lè kọ̀.

Ẹ ní ẹ fẹ́ rò ó. Ó ti pé oṣù kan. Ṣé ẹ ti rò ó tán? Dádì ò bi mí kó tó kó mi kúrò, ẹ̀yin náà ò sì fẹ́ dá mi lóhùn. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, mi ò ní bọ́ ẹ̀wù òtútù, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀mikún


Gorton
2 Oṣù Kejì, 2025

Bàbá,

Mo kí yín. Màmá Theresa dé, kò mú lẹ́tà kankan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Ó ní ẹ ò sí nílé nígbà tí òun lọ wá èsì, ilẹ̀kùn wà ní títì. Pósítì ni mo fi èyí rán, mo sì lẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpòòwé tí a ò lẹ̀ fojú mi rí. Lónìí ní sọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà jáde, Màmá Theresa jáde. Ó gba maíkì. Ó ní ọmọ kan wà láàárín wa tí Ọlọ́run mú kúrò ní Íjíbítì, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí Íjíbítì, tó ń jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Kò dárúkọ. Kò sídìí tó fi máa dárúkọ, ọmọ mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé? Gbogbo wọn yíjú sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà ibi tí a jókòó, wọ́n gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aunty Fúnmi di ojú rẹ̀, omi ń jáde níbẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mò ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Sọ́ọ̀sì ló ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú gbogbo ayé.

Mi ò rò pé Màmá Theresa fẹ́ bà mí jẹ́. Ó dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun ń gbààwẹ̀ fún mi. Ìyẹn ló burú jù, pé mi ò lè bínú sí i dáadáa.

Nígbà tí a dúró de búsì ní Cheetham Hill Road, Aunty Fúnmi àti Jayden wà níwájú. Dádì sún mọ́ mi, kò wò mí.

"Ṣé mo nà ọ́ rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ebi pa ọ́ rí nínú ilé mi?"

"Rárá, sà."

Búsì dé, a wọlé. Inú mi ì bá dùn bó bá pariwo. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká má máa lẹ àpòòwé.

Ayọ̀mikún


Gorton
30 Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ wà? Dádì ní ẹ wà. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní Aunty Mọ́láyọ̀ pè. Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ń gbúròó yín àyàfi èmi? Tí ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀sì yẹn bá bí yín nínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé kí n rí i kà.

Mo ti sọ ìtàn Flügels níwájú kíláàsì. Mo rò pé wọ́n máa fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti gba ife, gbogbo wọn gbójú sókè wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní àwọn tí ò tẹ̀lé Marinos, tí wọn ò sì lọ sí ẹgbẹ́ tuntun ńkọ́, ta ni wọ́n ń tì lẹ́yìn báyìí? Mi ò mọ̀. Kò sí nínú ibi tí mo ti kà á. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò wọ́n. Àwọn kan á wà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kàn ń jókòó sílé ní gbogbo Sátidé.

Ẹ dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ayọ̀mikún


Ṣàgámù
4 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Má bínú. Lẹ́tà rẹ méjèèjì lọ jókòó sí Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹni tó ń bá wa wo ilé kó wọn wá. Wo òkè ìwé yìí, wàá rí i pé Ṣàgámù ni mo wà. Láti oṣù Kejìlá ni mo ti wà lọ́dọ̀ Mọ́láyọ̀. Mo ṣubú, ó sì ní òun ò ní gbọ́ àlàyé mi mọ́. Ó ti ti ilé Abẹ́òkúta pa. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ilé yẹn ni o máa ń lọ nínú ọkàn rẹ.

Màmá Theresa ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ ní àṣà àpòòwé, ẹ̀bi mi ni. Lẹ́yìn èyí, máa lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀bi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ kí o jókòó kí o tó kà á. Bàbá rẹ kò dédé wá mú ọ. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí i. O rántí ọ̀sẹ̀ ìdánwò JSS 3? O wà nílé, o jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ mi, o ní wọ́n ti sún ìdánwò síwájú. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ó lé lọ́sẹ̀ kan kí tíṣà rẹ tó wá kí mi, ó ní ṣé ara rẹ ti yá, pé wọ́n ti ṣe ìdánwò tán. Àbẹ̀kẹ́, o ti fi sáà kan gbáko gbé arúgbó dìde, o fi ìwé sílẹ̀, o sì ń purọ́ fún mi kí n má baà mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ̀wé sí Adéolú pé kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní o ò ní fẹ́. Mo ní bí kò bá wá, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Mo sì ní kó má sọ fún ọ.

O ní a ò bi ọ́. Òótọ́ ni. A ò bi ọ́. Kò sí òwe tí mo lè fi bo ìyẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ àwọn ará Yokohama. O ní wọ́n kọ̀, mo sì fẹ́ràn wọn fún un. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i pé wọn ò gba ẹgbẹ́ àtijọ́ padà? Ó lọ, ó lọ náà nìyẹn. Ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ni wọ́n ti tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò lọ síbì kankan, sọ fún un pé o mọ ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú ẹgbẹ́ tiwa ká, èmi akọ̀wé, mo wọlé mo jókòó. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi dé pápá. Kò sí ohun tí mo rí gbà nídìí rẹ̀. Má fi mí ṣe àwòkọ́ṣe.

O ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Má bọ̀.

Bàbá rẹ àgbà,
Julius


Gorton
Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kí Aunty Mọ́láyọ̀, ẹ ní kó má jẹ́ kí ẹ dá rìn.

Mo bínú sí yín fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kà wọ́n. Mo kọ lẹ́tà kan sí yín lọ́jọ́ kejì, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ò dáa, mo ya á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Jayden wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó ní "ẹ káàárọ̀", ìrọ̀lẹ́ ni, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ta géèmù rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo lọ bá Dádì ní kíṣìnnì, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé lẹ́tà yín síwájú rẹ̀. Ó kà á lórí ìdúró, ó yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí n máa bínú sí òun láti ọdún kan. Ó ní:

"Bàbá ní ó sàn kí o bínú sí èmi tí o lè bá jà lójoojúmọ́, ju kí o bínú sí òun tí o kò lè rí."

Mo ní ṣé kò dùn ún.

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n o wà níbí, o ń jẹun."

Lẹ́yìn náà ó tan áyọ́ọ̀nù padà, torí búsì rẹ̀ ti ń súnmọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò dì mọ́ mi, èmi náà ò dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó tó pa ilẹ̀kùn dé, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ti fẹ́ràn ibí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, wọn ò tíì máa pè mí síbì kankan. Yokohama FC ń jìyà nínú líìgì àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń wò wọ́n lórí fóònù, èmi nìkan ni ní gbogbo Gorton, ó dá mi lójú. Mo ti gba èsì yín. Mi ò ní béèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kọ tí kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè jẹ́ kó dúró sínú ìwé báyẹn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ jí ìdánwò mi. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yẹn, mo wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tán, mo gbé báàgì dé ẹnu géètì. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n padà, ẹ̀yin gan-an ń sùn. Mo dúró síbẹ̀, mo rò ó, mo sì padà wọlé. Gbogbo nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi látìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló yàn án fún mi. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo yan nǹkan fúnra mi, Bàbá, ẹ̀yin ni mo sì yàn.

Ọmọ yín,
Ayọ̀mikún